Òrùka idì olórí méjì tí ẹ̀gbọ́n bàbá fi sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó kú sí Chicago fi òrùka kan sílẹ̀, idì olórí méjì àti nọ́ńbà 32 ló wà lára ẹ̀, pẹ̀lú sẹ́tífíkéètì tí wọ́n kọ Scottish Rite sí. Àwọn kan nílé ní ká kó o jù sódò, àwọn kan ní ipò tó ga jù láàárín àwọn Freemason ni bàbá wà. Ṣé ará Scotland ló ni ín ni? Kí ni ká ṣe sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju nǹkan kan sódò. Ìwé àtijọ́ ni mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, mo ti rí ilé tí wọ́n ti jó irú ìwé báyìí, ó wá ń dùn wọ́n lẹ́yìn náà.

Kì í ṣe ará Scotland ló ni ín, orúkọ yẹn ló ń tan èèyàn. Scottish Rite jẹ́ ẹ̀ka kan láàárín àwọn Freemason tó ń fi ìpele ẹ̀kọ́ (degree) kún èyí tí wọ́n ń gbà nínú lọ́ọ̀jì, ìyẹn ẹgbẹ́ Mason kọ̀ọ̀kan; idì olórí méjì ni àmì ẹ̀ka náà, 32 sì ni ìpele tí bàbá dé. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń fi ìpele kún ìpele láàárín ọdún 1740 sí 1760, wọ́n kàn ń pe àwọn tuntun yẹn ní ti ará Scotland. Ní 1761 wọ́n fún Étienne Morin, oníṣòwò tó jẹ́ Mason, níwèé àṣẹ kó gbé e sọdá òkun, ó gbé e dé Saint-Domingue, ìyẹn Haiti òde òní, Henry Francken tó fún láṣẹ ní Jamaica ló wá gbé e dé Albany ní New York ní 1767. Ìpele 25 péré ni nígbà yẹn.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù rèé: àwọn ẹrú Haiti dìde, àwọn Faransé tó ń sá fún wọn sì gúnlẹ̀ sí Charleston ní South Carolina, lára wọn ni de Grasse-Tilly àti Delahogue tó jẹ́ bàbá ìyàwó ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí dara pọ̀ mọ́ John Mitchell àti Frederick Dalcho, àwọn Mason tó wà ní Charleston, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 1801 sì ni wọ́n ka ìbẹ̀rẹ̀ ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ tó ní ìpele 33 sí. Èèyàn 11 ni wọ́n ń pè ní olùdásílẹ̀, Júù sì ni 4 nínú wọn. Ní 1804 de Grasse-Tilly gbé e padà sí Paris, ibẹ̀ ló gbà dé Ítálì àti Sípéènì, ó sì dé Brazil ní bíi 1832.

Ní ti ipò, ìpele kẹta nínú lọ́ọ̀jì lásán ti sọ èèyàn di Mason pátápátá, 4 dé 32 jẹ́ ẹ̀kọ́ àfikún ni, ẹni tó ní 32 ò lè pàṣẹ fún lọ́ọ̀jì kankan nítorí ẹ̀. 33 ni wọ́n máa ń fi dá èèyàn lọ́lá.

Ẹ yẹ sẹ́tífíkéètì yẹn wò dáadáa o, torí àwọn lọ́ọ̀jì aláwọ̀ funfun ní Amẹ́ríkà kì í sábà gba èèyàn dúdú láyé ìgbà yẹn, àwọn dúdú ní tiwọn tó ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin dúdú kan tó ń jẹ́ Prince Hall ní Boston, ẹni tí àwọn Mason London fún níwèé àṣẹ ní 1784, wọ́n sì ní Scottish Rite tiwọn. Bí ẹ bá rí Prince Hall lára sẹ́tífíkéètì náà, ti àwọn dúdú yẹn ni. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà Valley (ohun tí Scottish Rite ń pe ẹ̀ka wọn ní ìlú kan) pẹ̀lú orúkọ ìlú tó tẹ̀lé e, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka náà, ẹ fi orúkọ bàbá àti ọdún tí wọ́n bí i sí i, ẹ bi wọ́n bóyá fọ́ọ̀mù tí bàbá fi wọlé ṣì wà lọ́wọ́ wọn, torí iṣẹ́ tó ń ṣe àti ibi tó ń gbé nígbà yẹn lè wà nínú ẹ̀.