Ẹ Bi Wá Nípa Orin: Àwo Kan Náà, Ìdájọ́ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

ÌBÉÈRÈ LÁTI BÓDÌJÀ, ÌBÀDÀN

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Láàárín ọdún 1965 sí 1969 ni bàbá mi kàwé ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àbúrò wọn ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn méjèèjì ló ra àwo orin Beatles, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ̀ wálé, inú àpótí kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì wà nílé wa títí di òní. Ohun tí ẹnu wọn kò tíì kò lé lórí láti ìgbà náà ni èyí tó dára jù. Bàbá mi ní Sgt. Pepper's Lonely Hearts Club Band ni. Bàbá Kékeré ní ẹni tó bá ti gbọ́ Revolver kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, wá dá sí i lọ́jọ́ kan, ó ní Abbey Road ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun mọ̀. Ó tún fi hàn wá lórí fóònù pé ìwé ìròyìn Rolling Stone fi Sgt. Pepper sí ipò kìíní nínú gbogbo àwo orin ní ọdún 2003, ṣùgbọ́n pé nígbà tí wọ́n tún un tò ní 2020, ipò 24 ni wọ́n fi í sí, tí Abbey Road, tó wà ní ipò 14 tẹ́lẹ̀, sì bọ́ sí ipò karùn-ún. Àwo náà kò yí padà. Kí ló dé tí ẹnu àwọn ènìyàn yí padà?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì bá wa kí àwọn àgbà méjèèjì. Kí a tó dé orí Rolling Stone, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé Revolver méjèèjì jáde nínú àpótí yẹn, ti Bàbá àti ti Bàbá Kékeré, kí ẹ ka orúkọ orin tó wà lẹ́yìn páálí wọn. Bí ti Lọ́ńdọ̀nù bá jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966, orin 14 ni ẹ ó kà. Bí ti Amẹ́ríkà bá jẹ́ ti ọdún kan náà, 11 péré ni. Capitol, ilé iṣẹ́ tó ń ta àwo Beatles ní Amẹ́ríkà, ti yọ orin mẹ́ta kúrò níbẹ̀, ìyẹn "I'm Only Sleeping", "And Your Bird Can Sing" àti "Doctor Robert", wọ́n sì ti lò wọ́n ṣáájú nínú àwo mìíràn tí wọ́n pè ní Yesterday and Today. John Lennon, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, ló ń dárin nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí èyí dá sílẹ̀ ni pé nínú Revolver tí Bàbá rà, orin méjì ni Lennon ti dárin, nígbà tí George Harrison, tí kì í sábà rí àyè nínú ẹgbẹ́ náà, ní mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn bàbá yín ti ń jiyàn lórí àwo méjì tó kàn ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Sgt. Pepper tó jáde ní 1967 ni àwo Beatles àkọ́kọ́ tí orin inú rẹ̀ rí bákan náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi àwo méjèèjì wéra, odindi ni wọ́n ń fi wé àbọ̀. Ọdún 1987 tí wọ́n gbé orin Beatles sórí sídíì ni wọ́n tó mú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n fún gbogbo ayé, tí Revolver sì wá pé lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Chicago bó ṣe pé lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Liverpool. Ní èrò tèmi, ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìyípadà ọkàn lórí Revolver kò ju èyí lọ: àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni.

Àsìkò tó jáde náà kò ràn án lọ́wọ́. Oṣù Kẹjọ ọdún 1966 yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí Lennon sọ, pé Beatles lókìkí ju Jésù lọ, dá ìjà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, débi pé àwọn kan ń dáná sun àwo wọn ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ gìtá tí wọ́n yí síwá sẹ́yìn? Sgt. Pepper kò bá irú rẹ̀ pàdé. Òun ni wọ́n fi ń ròyìn ọdún tó jáde pàápàá, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ orin sẹ́yìn páálí rẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Grammy fún àwo tó dára jù lọ lọ́dún náà, èyí tí àwo rọ́ọ̀kì kankan kò gbà rí ṣáájú rẹ̀.

Ìyìn yẹn gan-an ló padà di ẹrù lé e lórí. Ẹni tó gbọ́ Sgt. Pepper ní 1967 gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́ rí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ọ lónìí ti gbọ́ ọgọ́rùn-ún olórin tó kọ́ ọgbọ́n inú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá àwo. Àrà tó fi gba orúkọ ti di ohun tí gbogbo sítúdíò ń ṣe. Ohun tó wá kù ni kí a bi orin kọ̀ọ̀kan léèrè bó ṣe dára tó, níbẹ̀ ni àwọn kan sì ti rí i pé "A Day in the Life" ga, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe gbogbo orin tó kù ló bá a dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé "Strawberry Fields Forever" àti "Penny Lane", tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ àwo yẹn bẹ̀rẹ̀, jáde lórí àwo kékeré ní oṣù Kejì ọdún 1967, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò nínú àwo ńlá. George Martin tó darí iṣẹ́ náà kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ká ní àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ ni, mo rò pé Bàbá ì bá ti borí àríyànjiyàn yìí tipẹ́.

Ní ti ọmọ yín, fóònù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, n kò sì fi ìyẹn bú u. "Here Comes the Sun", orin Harrison tó wà nínú Abbey Road ti ọdún 1969, kò jáde lórí àwo kékeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣùgbọ́n òun ni orin Beatles tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ jù báyìí lórí Spotify, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí fóònù. Ẹnu ọ̀nà tí ọmọ náà gbà wọlé ni ó ń pè ní yàrá tó dára jù. Ohùn Abbey Road tún mọ́ létí ju ti àwọn àwo ìṣáájú lọ, nítorí pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbà á ti gòkè sí i. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bi í ni bóyá ó ti gbọ́ ojú kejì àwo náà tán rí láìdá a dúró, nítorí pé ńṣe ni àwọn orin kéékèèké ibẹ̀ so kọ́ra, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń já wọn gbọ́ níkọ̀ọ̀kan kò ní mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí.

Ó wá ku Rolling Stone. Ẹ má ṣe kà á bíi pé àwọn adájọ́ kan náà tún ẹjọ́ kan náà gbọ́. Ìbò tuntun ni wọ́n dì ní 2020, wọ́n sì fi àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí kì í ṣe ará rọ́ọ̀kì kún àwọn olùdìbò. What's Going On ti Marvin Gaye ló gba ipò kìíní. Fẹlá wọlé pẹ̀lú Expensive Shit, Ọba Sunny Adé náà sì wọlé pẹ̀lú àkójọ orin rẹ̀ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìkankan nínú wọn ní 2003. Àwọn olùdìbò wọ̀nyí kò bá Sgt. Pepper jà. Wọ́n kàn dàgbà sí ilé tí wọn kì í ti í lò ó ni, wọ́n sì pín ìbò Beatles yíká.

ÌBÉÈRÈ LÁTI CHALLENGE, ÌBÀDÀN

Olóòtú, ṣé kò yẹ kí a fi iye tí àwo kan tà parí irú àríyànjiyàn báyìí? Owó kì í purọ́.

ÌDÁHÙN

Òótọ́ ni, àmọ́ ohun tí owó mọ̀ nìkan ni ẹ lè bi í. Rumours, àwo tí ẹgbẹ́ olórin Fleetwood Mac gbé jáde ní 1977, ti tà ju mílíọ̀nù 40 lọ, n kò sì ní sọ pé kò tọ́ sí i. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Tusk jáde, orin 20 lórí àwo méjì, tí wọ́n ná ju mílíọ̀nù kan dọ́là lé lórí. Ó ta mílíọ̀nù mélòó kan, síbẹ̀ wọ́n pè é ní ìkùnà, nítorí pé Rumours kejì ni gbogbo ayé ń retí. Lónìí tí kò sí ẹni tó ń retí Rumours kejì mọ́, àwọn ènìyàn ń gbọ́ Tusk fúnra rẹ̀, àwọn kan sì ń gbé e ṣáájú. Díẹ̀ nínú wọn, ká má tan ara wa, ń sọ bẹ́ẹ̀ kí a lè mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ju ohun tí gbogbo ayé gbọ́ lọ. Irú wọn kò wọ́n níbi tí àwọn olólùfẹ́ orin bá ti pé jọ.

Ti Rolling Stones, ẹgbẹ́ olórin ni o, kì í ṣe ìwé ìròyìn Rolling Stone, tilẹ̀ lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Exile on Main St. ti 1972 ta dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn lámèyítọ́ kò mọ ohun tí wọn ó sọ nípa rẹ̀. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n sá fún owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn Mick Jagger, akọrin wọn, rì sáàárín gìtá àti fèrè, orin náà sì pọ̀ tó 18. Irú àwo bẹ́ẹ̀ kò ṣe é dá lẹ́jọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n máa ń fún lámèyítọ́. Ó ń fẹ́ kí ènìyàn máa bá a gbé. Ní 2003, òun ló ga jù nínú gbogbo àwo Stones lórí ìwé Rolling Stone, ní ipò keje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jagger fúnra rẹ̀ kò yéé ṣàròyé nípa bí wọ́n ṣe po ohùn rẹ̀. Níbí, mo gbà pé etí ló yí padà lóòótọ́.

ÌBÉÈRÈ LÁTI MỌ́KỌ́LÁ, ÌBÀDÀN

Olóòtú, mo gbọ́ pé Èkó ni Paul McCartney ti gba àwo rẹ̀ tó dára jù lẹ́yìn Beatles sílẹ̀. Ṣé àwo yẹn ṣì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN

Èkó ni. Ní 1973, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbéra, méjì nínú Wings, ẹgbẹ́ tí McCartney dá sílẹ̀ lẹ́yìn Beatles, fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni McCartney bá wá pẹ̀lú Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine nìkan. Sítúdíò EMI ní Àpápá ni wọ́n lò, wọ́n sì gba orin kan ní sítúdíò Ginger Baker, onílù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Ìkẹjà. Àwọn olè dá wọn lọ́nà, wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì tí orin tuntun wà, ó sì di dandan kí McCartney máa rántí wọn lórí. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé orin Áfíríkà ló wá jí, àfìgbà tó pe Fẹlá wá sí sítúdíò láti gbọ́ ohun tí òun ń ṣe. Band on the Run ni àwo náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sì sí ẹni tó ń jiyàn pé òun ló borí.

Àríyànjiyàn ti dé báyìí, orúkọ rẹ̀ sì ni Ram, èyí tí McCartney àti Linda gbé jáde ní 1971. Nígbà náà, àwọn lámèyítọ́ sọ ọ́ lókùúta, àmọ́ Beatles tó túká ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀, McCartney ni wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ẹni tí wọ́n bí ní 1990 kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀fọ̀. Ó gbọ́ àwo kan tó kún fún eré àti àrà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti gbọ́ àwọn méjèèjì léraléra, Band on the Run ni mo ṣì dìbò fún, nítorí bí orin rẹ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí Ram kò ní. Bí ẹ bá rí Ram gbọ́, ẹ kọ̀wé sí wa bí n kò bá tọ̀nà.