Ọjà tó ń hó: ṣé «ruido» ni àbí «bullicio»?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà wa. Mo ń kọ́ èdè Sípáníìṣì torí mo fẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Madrid. Nínú àròkọ tí mo kọ nípa ọjà wa, mo ní «hay mucho ruido», ìyẹn ni pé ariwo pọ̀ níbẹ̀, mo fẹ́ fi yìn ín pé ó kún, ó lárinrin. Olùkọ́ mi fagi lé e, ó ní ńṣe ni mo ń bẹnu àtẹ́ lu ọjà náà. Kí ni ǹ bá ti kọ?

Ìdáhùn: Òótọ́ lolùkọ́ yín sọ. Ariwo tó ń dí èèyàn létí ni ruido, irú ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí kì í jẹ́ ká sùn. Bullicio lẹ ń wá. Ara bullir ló ti jáde, ìyẹn kí omi máa hó. Ẹ ò rí nǹkan! Bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn: omi ń hó, ọjà ń hó. Inú mi máa ń dùn tí mo bá dé ibí yìí pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, torí wọn kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Tí ẹ bá dé Madrid, ẹ lọ sí ọjà El Rastro láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ojú títì ni wọ́n ń pàtẹ sí. Ẹ dúró ní òpópónà Ribera de Curtidores, kí ẹ fetí sílẹ̀: ẹnì kan ń polówó, ẹlòmíì ń ná aṣọ àlòkù, ọmọdé ń pe ìyá rẹ̀. Bullicio gan-an nìyẹn. Èrò ibẹ̀ ni gentío. Ẹ pe g rẹ̀ bíi h. Tó bá wá di pé ẹsẹ̀ ò gbèrò, wọ́n á ní «no cabe un alfiler»: pínnì kan ò ráyè wọ̀ ọ́.

Jaleo lẹ máa ṣọ́ra fún. Nídìí ijó flamenco, òun ni igbe àti àtẹ́wọ́ tí wọ́n fi ń kí oníjó láyà. Níbòmíì, wàhálà ni. Alboroto náà ní rúkèrúdò nínú. Bulla ní tiẹ̀, ariwo ni ní Cuba, ṣùgbọ́n ní Sevilla, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, èrò tó há mọ́ra náà gan-an ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ sọ pé àwọn èèyàn ń pariwo, ẹ má kọ «la gente gritan» o. Lójú tiwa, èèyàn púpọ̀ ni. Lójú tiwọn, gente ẹyọ kan ni: «la gente grita».

Ẹ tún gbólóhùn yín kọ báyìí: «Me gusta el bullicio del mercado», ìyẹn ni pé mo fẹ́ràn bí ọjà náà ṣe ń hó.