Iṣẹ́ abẹ labrum èjìká fún ẹni tó ń ju àwọ̀n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní èjìká ọ̀tún àbúrò yín tó ń ju àwọ̀n ní Ẹ̀pẹ́ ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwòrán MRI sì ti fi hàn pé labrum ti ya níwájú. Ẹ wá ń béèrè bóyá kó ṣe iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà, àti ìgbà tó máa padà sórí omi. Èjìká tó bá ti yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ apá tó fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, èmi á ní kó ṣe é. Àmọ́ kó tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà pé: eegun ńkọ́?

Labrum ni etí rírọ̀ tó yí ihò èjìká ká, òun ló ń jẹ́ kí orí eegun apá jókòó síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí èjìká bá tún yẹ̀ ni orí eegun yẹn lè gé díẹ̀ lára etí ihò náà. Bí ohun tó ti gé lọ bá tó ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún, rírán labrum nìkan kì í sábà mú un dúró. Latarjet ló máa ń yẹ irú wọn: wọ́n á gé eegun kékeré kan níwájú èjìká, wọ́n á fi skúrù dè é mọ́ etí ihò. Àwòrán CT ló ń fi bí eegun ṣe jẹ tó hàn dáadáa, ẹ béèrè fún un láì tijú. CD àwòrán ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe bébà èsì nìkan, yálà ilé ìwòsàn eegun Igbóbì lẹ ń lọ tàbí ilé ìwòsàn aládàáni.

Iṣẹ́ abẹ náà kì í sábà ju wákàtí kan sí méjì lọ. Ihò kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń lu, kámẹ́rà á gba ọ̀kan wọlé, irinṣẹ́ á gba èyí tó kù, wọ́n á sì máa fi omi iyọ̀ fẹ àyè inú rẹ̀. Wọ́n á ha etí eegun títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ díẹ̀, torí ìyẹn ló ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n á wá gbẹ́ ihò tó tó nǹkan bíi milímítà 3, wọ́n á fi anchor sí i, bí èèkàn kékeré tó ní okùn lára, okùn yẹn ni wọ́n á fi di labrum padà. Mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹ bi wọ́n bóyá owó anchor wà nínú iye tí wọ́n dá fún yín, kó má di pé wọ́n tún kọ ọ́ fún yín láti rà.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn lè jẹ́ kí apá kú fún wákàtí 12 sí 24. Ohùn lè ha, ìpéǹpéjú lè wó díẹ̀, wọ́n á lọ bí agbára abẹ́rẹ́ bá ti ń tán. Kó ti lo oògùn ìrora kí apá tó jí, ní pàtàkì bó bá ku díẹ̀ kó sùn. Bí ó bá ní ọgbẹ́ inú tàbí tó ń mu àgbo, kó sọ ọ́ ṣáájú. Omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rin báńdéèjì lọ́jọ́ kìíní sí ìkejì kì í ṣe nǹkan burúkú, omi iyọ̀ ló ń jáde. Ibà, ọyún, èémí tó ń há gidi, tàbí ọwọ́ tó ṣì kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì: ilé ìwòsàn tààrà.

Ilé ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́. Ìrora máa ń lọ kí labrum tó lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ara á ti yá, èèyàn á bọ́ sling, aṣọ tí wọ́n fi ń gbé apá kọ́ ọrùn, sílẹ̀, á gbé garawa omi. Okùn nìkan ló ṣì ń di nǹkan mú nígbà yẹn. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 kó tó lẹ̀ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni sling, tọ̀sán tòru. Bó bá fẹ́ wẹ̀, kó tẹ̀ síwájú, kó jẹ́ kí apá rọ̀ wálẹ̀, kí wọ́n fọ abíyá, kí wọ́n nu ún gbẹ, torí ooru tiwa yìí ń bẹ́ awọ. Ṣẹ́ẹ̀tì oníbọ́tìnnì ni kó máa wọ̀: apá tó ń dùn ló ń kọ́kọ́ wọlé, òun ló ń jáde kẹ́yìn. Kó fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn sókè sùn, kí ìrọ̀rí kékeré wà lẹ́yìn ìgúnpá kó má bàa já sẹ́yìn. Pure water tó ti di yìnyín, tí wọ́n fi aṣọ wé, ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́ẹ̀kan, dára fún wíwú.

Kó má dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni, kó tẹrí ba, àwọn àgbà á gbọ́. Bó bá ń kírun, kó jókòó kí i, torí fífi ọwọ́ ti ilẹ̀ dìde ló ń já okùn. Bí ẹ bá ń gba Ìkòròdú àti Itòíkín bọ̀ wálé, ẹ jẹ́ kó jókòó lẹ́yìn dírébà, kí bẹ́líìtì lè gba èjìká òsì. Ọ̀kadà, rárá. Kí ẹni tó ń to eegun má sì fà á, kó má fi òróró wọ́ ọ.

Láti ọjọ́ kìíní ni kó ti máa ṣí ìka, ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá. Fisio, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń fi ìdárayá tún ara ṣe, á máa gbé apá náà fún un, yíyí i síta kì í sábà ju ìwọ̀n dígírì 30 lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Bí wọn ò bá gbé e rárá, á gan. Lẹ́yìn náà ó lè máa gbé e fúnra rẹ̀ láì sí ẹrù, okùn rọ́bà àti ìdárayá alágbára á sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Apá tí wọ́n nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n yí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ sọ òkò, ni kó sá fún jù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni jíju àwọ̀n ṣe rí gẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó ka oṣù mẹ́fà. Kó tó dìgbà náà ó lè tún àwọ̀n ṣe, ó lè ṣa ẹja. Okùn tí wọ́n ń fà láti tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Ẹlòmíràn ni kó máa fà á, kó má dán an wò kí fisio tó fọwọ́ sí i, ìfàyọ òjijì yẹn le ju kí wọ́n fi ọwọ́ gbé ẹrù lọ.