Èsì: Newseum ti kógbá sílé, ẹ gba Bowie lọ

Ẹ kú ìrìn àjò. Newseum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa iṣẹ́ ìròyìn tí ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ní Washington, tí ẹ bá ìlẹ̀kùn ní títì, tí ẹ fi ń béèrè ibòmíràn tí ẹ lè mú wọn lọ, ti kógbá sílé láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2019, ilé náà sì ti di ti Yunifásítì Johns Hopkins.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀, ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ National Capital Radio & Television Museum ní Bowie, Maryland. Ilé kékeré ni, kì í sì í ṣí lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra.

Ẹ má kánjú kọjá níwájú crystal set, ìyẹn rédíò àtijọ́ tí kò lo bátìrì, tí kò lo iná. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ yóò gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, yóò sì máa fi ẹnu wáyà tín-ín-rín kan tọ́ ojú òkúta dídán kékeré títí ohùn yóò fi jáde, nítorí agbára ìgbì tí eriali bá gbé wọlé nìkan ló ń lò. Àwọn ọmọ tó rò pé asọ̀rọ̀mágbèsì bàbá àgbà ni rédíò tó dàgbà jù láyé, ẹnu á yà wọ́n.