Ìbéèrè Yín Lórí Kọ̀ǹpútà: Láptọ́ọ̀pù Tó Ń Fà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Agbowó ni mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́. HP tòkunbọ̀ ni mò ń lò, RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè ro àmàlà jẹ tán kó tó ṣí. Ẹnjiníà ní mọ́dábọ́ọ̀dù ni kí n pààrọ̀. Ṣé kí n náwó náà?
*Ìyá Títẹ̀, Agbowó*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó kankan, mà. Mọ́dábọ́ọ̀dù tó bàjẹ́ kì í sábà mú kọ̀ǹpútà fà. Ṣe ló máa ń kọ̀ tí kò ní tàn, tàbí kó máa kú lójijì. Ẹ tàn án, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á yọ. Ẹ wo abẹ́ Disk. Bó bá wà ní 100% nígbà tí ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, háàdì dísìkì ló ń dá yín dúró. Dísìkì àtijọ́ ní àwo tó ń yí nínú, ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ó sì ní apá tín-ín-rín tó ń wá fáìlì kiri lórí àwo yẹn. SSD, ìyẹn dísìkì ìgbàlódé tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀, ò ní ohunkóhun tó ń yí. Ẹ ra èyí tó jẹ́ 2.5 ínǹṣì, 240GB tàbí 256GB ti tó fún iṣẹ́ títẹ̀, ojú ibi tí ti àtijọ́ wà náà ló máa wọ̀. Nínú gbogbo owó tí èèyàn lè ná lórí tòkunbọ̀, èyí la fọwọ́ sí jù. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín sórí fíláàṣì, torí dísìkì tó ti ń fà báyìí lè má jí lọ́la.

Bó bá jẹ́ Memory, ìyẹn RAM tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ló ń lé ní 90%, ẹ fi RAM kún un kó di 8GB. Ẹ mú èyí tó wà nínú rẹ̀ dání lọ sọ́jà: oríṣi RAM ni DDR3L àti DDR4, DDR3L ò sì lè wọ ihò DDR4, ibi tí wọ́n gé lára wọn ò bára mu. Àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan sì wà tí wọ́n jó RAM wọn mọ́ bọ́ọ̀dù. Ìyẹn ò ṣe é fi kún.

Tó bá wá jẹ́ pé ó máa ń yá nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, tó ń fà lẹ́yìn bíi wákàtí kan, tí fáànù sì ń pariwo, ooru ni. Prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jó. Eruku ọyẹ́ ló máa ń dì sáàárín fáànù àti àwọn irin wẹ́wẹ́ tí ooru ń gbà jáde, kò sì ṣe é fẹ́ kúrò láti ìta. Kí ẹnjiníà ṣí ìdí rẹ̀, kó yọ wáyà bátìrì, kó fi ìka di fáànù mú kó tó gbé bùlówà sí i. Bí atẹ́gùn bá yí fáànù ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè bà á jẹ́. Kó nu paste, ìyẹn ohun tó ń gbé ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀, tó ti gbẹ lórí rẹ̀, kó fi tuntun sí i, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan péré. Àwọn míì á rọ́ ọ bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì, kò wúlò.

Ìbéèrè: Látìgbà tí mo ti ra ṣájà míì fún Dell Latitude mi, ó ń lọ́ra, bátìrì ò sì gba iná mọ́. Bí mo bá fa ṣájà yọ, ó tún ń yá! Kí ló fà á?
*Òǹkàwé, Mọ́kọ́lá*

Ìdáhùn: Ṣájà yẹn ni. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ roboto yẹn nínú iná, ẹ ó rí irin tín-ín-rín kan láàárín. Ìyẹn ló ń sọ fún Dell iye wáàtì tí ṣájà ní. Bó bá tẹ̀, tàbí tí ṣájà bá jẹ́ ayédèrú, láptọ́ọ̀pù ò ní mọ irú ṣájà tó jẹ́. Á kọ̀ láti ṣá bátìrì, á sì dín eré kù kó má baà fa iná jù. Ẹ ka àkọlé ìdí láptọ́ọ̀pù. Bí wọ́n bá kọ 19.5V síbẹ̀, ẹ wá ojúlówó ṣájà Dell tó jẹ́ 19.5V, tí wáàtì rẹ̀ ò sì kéré sí ti ṣájà tó bá a wá. 90W ò lè ṣe èyí tó ń lo 65W ní nǹkan kan, ìwọ̀n tó bá nílò ló máa gbà. Tí ojúlówó náà bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ihò tí ẹ ń ki ṣájà bọ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé bí a bá ń tẹ Refresh léraléra, kọ̀ǹpútà á yá?
*Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Bódìjà*

Ìdáhùn: Rárá o. Àwọn àwòrán ojú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń tún tò, kò kan RAM rárá. Restart ló ń ṣiṣẹ́ tí ẹ ń wá, kì í sì í ṣe Shut down: lórí ọ̀pọ̀ Windows 10 àti 11, Shut down máa ń fi apá kan Windows pa mọ́ sórí dísìkì kó lè tètè tàn lẹ́yìn náà, ohun tó ń dà á láàmú á sì lè bá a jí.