Ṣé wọ́n lè ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà fún èdè kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo?

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè ṣe é, wọ́n sì ti ṣe é tipẹ́. Ní 1961, ilé-iṣẹ́ Burroughs kéde kọ̀ǹpútà B5000, tí wọ́n ṣe fún èdè kọ̀ǹpútà ALGOL. Ní 1983, ilé-iṣẹ́ Symbolics gbé ẹ̀rọ 3600 jáde fún èdè Lisp. Ẹyọ dátà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ bíìtì 36 (bíìtì kan jẹ́ 0 tàbí 1), díẹ̀ lára àwọn bíìtì náà sì ni àmì tó ń sọ irú ohun tó jẹ́, bóyá nọ́ńbà ni tàbí àkójọ. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ro nọ́ńbà pọ̀ ló ń yẹ àmì yìí wò lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí àṣẹ mìíràn. Ibẹ̀ gan-an ni èrè rẹ̀ wà.

Ẹni tó bá ń rin ewùrà fún ìkókóré ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ ọ́n: agolo tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lára yá ju ọ̀bẹ lọ, àmọ́ kò lè gé ẹran. Àwọn ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ló dà bí ọ̀bẹ; wọ́n ń yára sí i, owó wọn sì ń wálẹ̀ torí èrò tó ń rà wọ́n pọ̀. Bí ọjà ẹ̀rọ Lisp ṣe kú nìyẹn.

Ti èdè Forth yàtọ̀ díẹ̀. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà RTX2010, tí wọ́n ṣe fún un, wà nínú Philae, ẹ̀rọ ìwádìí òfuurufú tó balẹ̀ sórí ìràwọ̀ onírù 67P ní 2014.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, Forth ni kó fi bẹ̀rẹ̀, lórí ṣíìpù kan tó ń jẹ́ FPGA, torí FPGA ṣeé tún tò bí àṣìṣe bá wà.