Èsì: Ṣé àtìmọ́lé ni bí wọn kò bá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní àwọn ọlọ́pàá kò ti àbúrò yín mọ́ yàrá kankan, wọ́n kàn ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí 6. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé: ṣé ó lè dìde kó máa lọ? Bí wọn kò bá ní jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà, àtìmọ́lé ni, wọn ì báà máa bu omi tútù fún un.

Ẹ má pè é ní ẹ̀wọ̀n o. Adájọ́ ló ń rán ẹni tí ẹjọ́ dá lẹ́bi lọ sẹ́wọ̀n. Ẹni tó wà látìmọ́lé kò tíì jẹ̀bi ohunkóhun lójú òfin.

Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1966 lórí ẹ̀tọ́ aráàlú àti ti òṣèlú, abala 9, ní kí wọ́n sọ ìdí fún èèyàn lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá mú un, kí wọ́n sì tètè gbé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn dé iwájú adájọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó àdéhùn náà ní wákàtí 48 sábà máa ń tó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìwé tí wọ́n ń tì síwájú èèyàn láàárín òru: "Buwọ́ lù ú, wàá lọ sílé." Ẹ jọ̀ọ́, kó má fọwọ́ sí ohun tí kò kà. Kó ní òun fẹ́ rí lọ́yà òun. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ aago tí wọ́n mú un àti orúkọ ọ̀gá tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni lọ́yà máa mú lọ bá adájọ́ pé kó pàṣẹ kí wọ́n gbé àbúrò yín jáde.